Ẹrù tí ọmọ wa ń gbé lọ sí yunifásítì

Àkókò tí àwọn òbí ń di ẹrù ni a wà. Èsì ìdánwò bac ti jáde, ariwo ayọ̀ ti rọlẹ̀, wọ́n ti pa adìẹ tí wọ́n ní láti pa. Ìyá ń wọn gàrí sínú àpò, bàbá ń wá ẹni tí yóò yá a lówó yàrá. Láìpẹ́, àwọn ọmọ Kétu, ti Ṣábẹ̀ẹ́, ti Pobè, ti Sakété àti ti Àjàṣẹ́ yóò wọ ọkọ̀ lọ sí Abomey-Calavi tàbí Parakou. Àwọn ọmọ Atakpamé yóò gba ọ̀nà Lomé. A óò súre fún wọn. A óò fi owó díẹ̀ lé wọn lọ́wọ́. A óò sì gbé ohun kan lé wọn lórí tí a kì í kà mọ́ ẹrù, nítorí pé ojú kò rí i. Lórí ẹrù tí ojú kò rí yẹn ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lóṣù yìí.

Láti bí ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ terminale. Bí wọ́n bá dé ilé fún ìsinmi Kérésìmesì, díẹ̀ nínú wọn máa ń yà wá kí olùkọ́ wọn àtijọ́. Ohun tí mo ti kíyè sí ni pé kì í ṣe àwọn tí ìwé ṣòro fún ní lycée ni ojú wọn máa ń fà ro jù. Lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn tí ó ń gba ipò kìíní ni: ọmọ tí í dáhùn ìbéèrè kí n tó bi í tán, òun náà ni ó wá jókòó níwájú mi tí ó ń wo ilẹ̀. Bí mo bá béèrè bí ilé-ẹ̀kọ́ ṣe rí, yóò ní, « Ó ń lọ, Monsieur. » Ọ̀rọ̀ kò ju mẹ́ta lọ, ohun tí ó bò mọ́lẹ̀ sì pọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí a ń sọ. Ìdààmú ọkàn tí mo ń wí kì í ṣe wèrè, kì í sì ṣe ọ̀lẹ. Ó jẹ́ ipò tí àníyàn, ìbànújẹ́, ìtìjú àti àárẹ̀ ti pọ̀ lórí ènìyàn débi pé agbára tí ó fi ń gbé wọn kò tó mọ́. Gbogbo wa ni a máa ń kan irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá pẹ́ tí kò sí ẹni tí ó bá wa gbé e, ó lè di àìsàn. Àwọn oníṣègùn sì ti fi hàn pé ọ̀pọ̀ àìsàn ọkàn ni ó máa ń bẹ̀rẹ̀ kí ènìyàn tó pé ọdún 25. Ọdún tí ọmọ fi wà ní yunifásítì gan-an nìyẹn. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Nítorí náà, nísinsìnyí tí àpò kò tíì wọ ọkọ̀ ni ó yẹ kí a sọ ọ́.

Ọmọ tí ó ní orúkọ di nọ́ńbà

Ní lycée, ọmọ ní orúkọ. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kíláàsì kún, olùkọ́ mọ ọmọ ẹni tí ó jẹ́, ó mọ àdúgbò tí ó ti ń wá, ó sì lè dá ìyá rẹ̀ dúró lọ́jà kí ó sọ fún un pé ọmọ rẹ kò fọkàn sí iṣẹ́ mọ́. Bí ọmọ náà bá pa ilé-ẹ̀kọ́ jẹ ní ọjọ́ méjì, ẹnìkan yóò béèrè rẹ̀.

Ní yunifásítì, gbogbo ìyẹn dópin láàrin ọjọ́ kan. Nínú gbọ̀ngàn ńlá tí wọ́n ń pè ní amphi, ọgọ́rọ̀ọ̀rún akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń fetí sí ẹnì kan ṣoṣo. Àwọn kan ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́ kí wọ́n lè rí ibi jókòó. Ẹni tí ó bá pẹ́ yóò dúró lẹ́yìn, ohun tí yóò gbọ́ kò ní ju ààbọ̀ lọ. Oṣù mẹ́ta lè kọjá kí olùkọ́ kankan má pe orúkọ ọmọ náà. Bí kò bá wá mọ́, kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Ní alẹ́, ó padà sí yàrá kan ní àdúgbò tí kò mọ ẹnikẹ́ni, ó se oúnjẹ tí kò tó, ó ṣírò owó zémidjan ọjọ́ kejì, ó sì ṣí ìwé tí a kọ ní èdè tí ìyá rẹ̀ kò fi bá a sọ̀rọ̀ rí.

Lẹ́yìn náà ni máàkì dé. Ẹni tí ó gba 15 nínú 20 nígbà bac rí 6 tàbí 7. Kò sí ẹni tí ó ṣàlàyé fún un pé irú rẹ̀ pọ̀, pé ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ́ni àti ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dánni wò ti yàtọ̀. Ohun tí ó sọ fún ara rẹ̀ ni pé, « Mo rò pé mo gbọ́n ni, wọ́n ti wá mọ̀ pé n kò gbọ́n. »

Ohun kan wà níhìn-ín tí ìmọ̀ kékeré lè wò sàn. Nínú ètò tí a ń pè ní LMD, kíréèdì 30 ni ti ìdajì ọdún, 60 ni ti ọdún kan, 180 sì ni a fi ń gba licence. Kíréèdì tí ọmọ bá ti gbà, tirẹ̀ ni. Ẹ̀kọ́ tí ó kù ni yóò tún ṣe. Ìlànà bí a ṣe ń tún un ṣe lè yàtọ̀ láti ibì kan sí èkejì, ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ rẹ̀ nìyẹn. Síbẹ̀, mo ti rí ọmọ tí UE méjì péré kù fún tí ó gbà pé òun ti ba ayé òun jẹ́, nítorí pé ní ilé wa, ọ̀rọ̀ méjì ni a mọ̀: ó yege, tàbí ó kùnà.

A kò sì lè dá ilé lẹ́bi pátápátá. Ọdún 1970 ni a dá yunifásítì tí ó wà ní Abomey-Calavi sílẹ̀, ọdún kan náà ni ti Lomé. Ti Parakou kò bẹ̀rẹ̀ títí di 2001. Nínú ọ̀pọ̀ ìdílé wa, ọmọ tí ó ń lọ lónìí ni ẹni àkọ́kọ́ tí yóò fi ẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀. Bàbá lè kọ́ ọmọ bí a ti ń fi ọkọ́ kọ ebè, ìyá lè kọ́ ọ bí a ti ń dá owó ọjà mọ̀. Ta ni yóò kọ́ ọ bí a ti ń jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́?

Nígbà tí orí bá ń sọ̀rọ̀ fún ọkàn

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní ọdún 1960, Raymond Prince, oníṣègùn ọpọlọ ọmọ Kánádà tí ó ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Aró ní Abẹ́òkúta, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà. Wọ́n máa ń sọ fún un pé orí ń gbóná, pé nǹkan ń rìn nínú rẹ̀, pé ojú ń ro àwọn, pé àwọn ń ka ìwé ṣùgbọ́n kò wọlé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ti fún un lórúkọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì: brain fag, èyíinì ni pé ọpọlọ ti rẹ̀. Prince wo ọ̀rọ̀ náà, ó sì ní ara ohun tí ó fà á ni pé ẹ̀kọ́ òyìnbó ń béèrè pé kí ènìyàn dá nìkan ṣiṣẹ́, kí ó dá nìkan ru ẹrù, nígbà tí a tọ́ àwọn ọmọ náà dàgbà láàrin ọ̀pọ̀ ènìyàn, tí ìrètí gbogbo ẹbí sì wà lọ́rùn wọn.

Àwọn oníṣègùn tí ó tẹ̀lé e, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ti bá a jiyàn. Ọ̀pọ̀ ní kò yẹ kí a sọ ọ́ di àìsàn tí ó jẹ́ ti àwọn ọmọ Áfíríkà nìkan. Àníyàn àti àárẹ̀ ọkàn tí a mọ̀ káàkiri ayé ni, tí ó gba ara sọ̀rọ̀. Èyí ó wù kí ó jẹ́ òtítọ́ jù, ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ fún òbí. Ọmọ wa kì í sábà sọ pé inú òun bàjẹ́. Ohun tí yóò sọ ni pé orí ń fọ́ òun, pé àyà ń já òun, pé òun kò rí oorun sùn, pé inú ń run òun. A ó ní kí ó lo oògùn ibà. Yóò lò ó. Oṣù yóò yí, yóò tún sọ ohun kan náà. Ibi tí ó yẹ kí òbí ti béèrè ìbéèrè kejì nìyẹn: « Yàtọ̀ sí orí, kí ni ó tún ń dùn ọ́? »

Ìdè tí ó tú jù, ìdè tí ó fún jù

Nínú ìwé tí Émile Durkheim, onímọ̀ nípa àwùjọ ọmọ ilẹ̀ Faransé, kọ ní ọdún 1897 lórí àwọn tí ń fọwọ́ ara wọn gba ẹ̀mí ara wọn, ó fi hàn pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnì kan nìkan ni; bí àwùjọ ṣe so mọ́ ènìyàn ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Ewu wà nígbà tí ìdè yẹn bá tú jù, tí ènìyàn di ẹni tí kò ní ẹnìkan. Ewu tún wà nígbà tí ó bá fún jù, tí ènìyàn kò ka ara rẹ̀ sí nǹkan kan lẹ́yìn ohun tí àwùjọ ń retí lọ́dọ̀ rẹ̀.

Bí mo bá wo akẹ́kọ̀ọ́ wa ní Calavi, mo rí i pé ewu méjèèjì ni ó pàdé lára rẹ̀. Ojú àwọn ènìyàn rẹ̀ ti jìnnà sí i, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń retí kò jìnnà. Kò sí ẹni tí yóò bá a jẹun lálẹ́, síbẹ̀ gbogbo ilé ni ó ń gbé inú fóònù rẹ̀.

Ẹ gbọ́ bí a ti í bá wọn sọ̀rọ̀. « Gbogbo ilé ń wò ọ́. » « Ìwọ ni ìmọ́lẹ̀ wa. » « Rántí ọmọ ẹni tí ìwọ í ṣe. » « Má dójú tì wá. » Kò sí èyí tí ó burú nínú wọn bí a bá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé òun nìkan ni ọmọ ń gbọ́, yóò parí rẹ̀ sí pé ìfẹ́ wa ní iye tí a ń tà á, máàkì ni a sì fi ń rà á.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan jẹ́wọ́ fún mi pé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí í parí oṣù, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni òun ń jẹun. Mo bi í ìdí tí kò fi sọ nílé. Ó ní, « Monsieur, bí mo bá sọ fún ìyá mi pé ebi ń pa mí, yóò ta aṣọ tí ó kù. » Ẹ̀yin òbí, ẹ gbé gbólóhùn yìí yẹ̀ wò. Irọ́ tí ọmọ yẹn ń pa lórí fóònù, ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n irọ́ ìfẹ́ náà máa ń dàgbà. Ẹni tí ó fi ebi pamọ́ lónìí yóò fi máàkì pamọ́ lọ́la. Ẹni tí ó fi máàkì pamọ́ yóò wí fún ilé pé òun wà ní ọdún kẹta nígbà tí kò tíì kúrò ní ìkejì. Ọjọ́ ayẹyẹ tí ilé ń kà súnmọ́ wá bíi gbèsè. Nínú àdánìkànwà bẹ́ẹ̀ ni àwọn mìíràn ti ń rò pé ọ̀nà ti dí.

Ta ni a pa òwe yẹn fún?

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ lórí òwe kan tí gbogbo wa mọ̀: ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Mo bọ̀wọ̀ fún òwe. Òwe lẹṣin ọ̀rọ̀, bí ọ̀rọ̀ bá sọnù òwe la fi ń wá a. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ bi ara wa léèrè ẹni tí a pa á fún. Àgbà tí ó ní agbára lọ́wọ́ ni: balógun tí ó ṣèlérí ìṣẹ́gun tí ogun sì fọ́ mọ́ lọ́wọ́, ọba tí àwọn ìjòyè ti ṣí igbá ìwà fún. Ẹni tí ó di ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ènìyàn mú ni òwe náà ń kìlọ̀ fún pé kí ó má ṣi agbára lò. Kò sí àgbà tí ó pa á fún ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún tí kò yege nínú ìmọ̀ ìṣirò.

Síbẹ̀ a máa ń sọ ọ́ létí wọn. A ń sọ ọ́ nínú ẹ̀fẹ̀, a ń sọ ọ́ nínú ìbínú, a ń sọ ọ́ nígbà tí ọmọ aládùúgbò bá kùnà. Ọmọ tí ń gbọ́ kò dá ẹ̀fẹ̀ mọ̀ yàtọ̀ nígbà tí òun náà bá wà nínú òkùnkùn. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì sọ fún wa pé gbígba ẹ̀mí ara ẹni wà lára àwọn ohun tí ó ń fa ikú jù lọ láàrin àwọn ọmọ ọdún 15 sí 29. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a fi òwe yẹn sílẹ̀ fún àwọn balógun. Èyí tí ó tọ́ sí ọmọ wa wà: bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Èyí tí ó tún ju ìyẹn lọ kò lọ́jú pọ̀ rárá, àní kì í ṣe òwe: « Wá sílé. Ìwọ ni a bí, a kò bí diplôme. »

Mo mọ ohun tí àwọn àgbà kan yóò sọ. « Àwa náà jìyà. A fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, fìtílà epo ni a fi kàwé, kò sí ẹni tí ó bi wá léèrè nípa ọkàn. » Òtítọ́ ni. Ẹ kò gbọdọ̀ fojú kéré ìyà yín. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ẹ kò dá nìkan jẹ ẹ́: ẹ ń rìn ní ẹgbẹ́, ẹ ń kàwé yí fìtílà kan ká, bí ẹ bá sì délé, ẹnìkan yóò bu oúnjẹ. Àti pé nígbà náà, ẹni tí ó bá ní licence ń rí iṣẹ́. Ọmọ òde òní ń rí ẹ̀gbọ́n tí ó ní master tí ó ń wa zémidjan, ó sì mọ̀ pé òun lè borí gbogbo ìdánwò kí ilẹ̀kùn má ṣí. Ìyà tí ìrètí wà lẹ́yìn rẹ̀ kì í wúwo bí èyí tí kò ní. Àwọn mìíràn yóò sì ní iṣẹ́ ayé ni, kí a lọ wádìí. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí àdúrà àti ìwádìí má ṣe dí ọ̀nà ilé ìwòsàn, kí ẹnikẹ́ni má sì fi ọmọ tí àárẹ̀ ọkàn mú sínú ẹ̀wọ̀n tàbí kí ó nà án.

Àmì tí ó yẹ kí a mọ̀

Ìbànújẹ́ ọjọ́ méjì kì í ṣe àìsàn. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ọkàn ọmọ rẹ̀wẹ̀sì lójoojúmọ́, tí ohun tí ó ń dùn mọ́ ọn tẹ́lẹ̀ kò dùn mọ́, tí oorun rẹ̀ dà rú, tí kò jẹun mọ́ tàbí tí ó ń jẹ ju bí ó ti yẹ lọ, tí kò lè ka ojú ìwé kan parí, tí ó ń sọ pé òun kò wúlò fún ẹnikẹ́ni, kò yẹ kí a tún dúró. Ẹ máa fiyè sí ẹni tí ó jáwọ́ nínú ẹgbẹ́ akọrin tàbí bọ́ọ̀lù lójijì, ẹni tí kò gbé fóònù mọ́, ẹni tí ọtí ti di ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bí ọmọ bá sì ń pín ohun ìní rẹ̀, tí ó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ènìyàn láìnídìí, tí ó ń sọ pé « ẹ kò ní í ní wàhálà mi mọ́ láìpẹ́ », ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ dìde.

Ọ̀pọ̀ ń bẹ̀rù láti béèrè ní tààrà bóyá ọmọ ń ro ikú, nítorí wọ́n rò pé ìbéèrè náà ni yóò gbìn ín sí i lọ́kàn. Ìwádìí kò gbe ìyẹn lẹ́sẹ̀. Ẹni tí èrò náà wà lọ́kàn rẹ̀, ìtura ni ó máa ń jẹ́ fún un pé ẹnìkan gbójú gbóyà láti dárúkọ rẹ̀. Ẹ béèrè pẹ̀lú sùúrù: « Ṣé ó ti dé ibi tí o fi ń rò pé kí o má sí láyé mọ́? » Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má bú u, ẹ má wàásù fún un, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Ẹ mú ohun tí ó lè fi ṣe ara rẹ̀ ní ibi kúrò nítòsí, ẹ sì bá a dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn.

Ohun tí ilẹ̀ wa ti mọ̀ tẹ́lẹ̀

Ní ọdún 1954, Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ọpọlọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dá ètò kan sílẹ̀ ní Aró tí ayé fi ń dárúkọ rẹ̀ títí di òní. Dípò kí ó ti gbogbo aláìsàn mọ́ ilé ìwòsàn, ó fi wọ́n wọ̀ sí àwọn abúlé tó yí ibẹ̀ ká pẹ̀lú ẹbí wọn kan. Wọ́n ń gba ìtọ́jú, wọ́n ń bá ará abúlé ṣiṣẹ́, wọ́n ń jẹun pẹ̀lú ènìyàn. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, Henri Collomb, oníṣègùn ọmọ ilẹ̀ Faransé, gba ọ̀nà tí ó jọ ọ́ ní ilé ìwòsàn Fann ní Dakar: ẹbí kan a máa bá aláìsàn gbé, aláìsàn, ẹbí àti oníṣègùn a sì máa jókòó papọ̀ sọ̀rọ̀.

Ní Sìmbábúwè lónìí, oníṣègùn ọpọlọ Dixon Chibanda àti àwọn ìyá àgbà kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2006 ní Mbare, àdúgbò kan ní Harare. Wọ́n kọ́ àwọn ìyá náà bí a ti ń fetí sílẹ̀ àti bí a ti ń ran ènìyàn lọ́wọ́ láti mú ìṣòro kan ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n gbé bẹ́ǹṣì igi síta nítòsí ilé ìwòsàn. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ wúwo yóò jókòó, ìyá àgbà yóò jókòó tì í. Àwọn Shona ní ọ̀rọ̀ tiwọn fún ohun tó ń ṣe ènìyàn bẹ́ẹ̀, kufungisisa, tí í ṣe ìrònú àpọ̀jù. Ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní 2016 fi hàn pé lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ara àwọn tí ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì náà yá ju ti àwọn tí ó gba ìtọ́jú lásán lọ. Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá àgbà. Ṣé a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ra ìyẹn lọ́jà ni?

Iṣẹ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan

Nítorí náà, èmi yóò pín iṣẹ́.

Ti àwa olùkọ́ terminale: kí ọmọ tó jáde lọ́wọ́ wa, kí a fi wákàtí díẹ̀ ṣàlàyé fún un ohun tí amphi jẹ́, bí kíréèdì ti ń ṣiṣẹ́, bí a ti ń kọ àkọsílẹ̀ nígbà tí olùkọ́ kò dúró dè wá. Kí a pe ẹni tí ó ti lọ ṣáájú wá sí kíláàsì, kì í ṣe ẹni tí ó yege láìkọsẹ̀ nìkan, ṣùgbọ́n ẹni tí ó tún ọdún kan ṣe tí ó sì dìde.

Ti òbí: nígbà tí ẹ bá pè é, ẹ jẹ́ kí ìbéèrè nípa ìwé jẹ́ ìkẹta. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tí ó jẹ. Ẹ béèrè ẹni tí ó bá rẹ́rìn-ín lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ sọ fún un, kí ó tó lọ, ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí nǹkan kò bá lọ déédé: pé yóò sọ fún yín, pé ẹ óò jókòó wá ọ̀nà mìíràn, pé ilẹ̀kùn kò ní í tì. Ọmọ tí ó mọ ibi tí yóò bọ́ sí bí ó bá ṣubú kì í bẹ̀rù rírìn.

Ti ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ìlú: àwọn ọmọ wa máa ń dá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ níbikíbi tí wọ́n bá wà, fún ijó, fún bọ́ọ̀lù àti fún àjọ̀dún. Ẹ fi iṣẹ́ kan kún un. Ẹ yan ẹ̀gbọ́n kan fún ọmọ tuntun mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Kí ó mọ yàrá wọn, kí ó kàn sí wọn lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí ikòkò kan máa wà ní ọjọ́ Àìkú tí gbogbo wọn yóò jọ jẹ. Kò ná ẹgbẹ́ ní owó púpọ̀, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ kí ọmọ ẹnikẹ́ni sọnù fún oṣù mẹ́ta kí a tó mọ̀.

Ti àwọn tí ń darí yunifásítì: ibi ìtọ́jú tí ó wà fún ibà àti ọgbẹ́ kò tó. Kí ẹni tí a kọ́ láti fetí sí ọkàn wà níbẹ̀, ní ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ lè wọlé láìjẹ́ pé gbogbo ènìyàn ń wò ó, kí ẹnikẹ́ni má sì tú àṣírí rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ bá ti kọjá ohun tí etí ilé lè gbà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibùdó ìlera tí ó súnmọ́ yín, ẹ sì sọ òtítọ́ fún wọn. Ní Kùtọ̀nú, ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba wà ní Jacquot. Ní Tógò, ti Zébé wà nítòsí Aného. Ẹni tí ó lọ síbẹ̀ kì í ṣe wèrè, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó lọ wo eyín kì í ti í ṣe aláìlẹ́nu.

Àti ìwọ, ọmọ wa, tí o bá ń ka ìwé ìròyìn yìí nínú yàrá kan ní Calavi, ní Parakou tàbí ní Lomé: sùn. Jẹun pẹ̀lú ẹnìkan. Kàwé ní ẹgbẹ́, nítorí bẹ́ẹ̀ ni a tọ́ ọ. Bí ó bá wúwo, má dúró kí ó tó ọ lọ́rùn, pe ẹnìkan lálẹ́ òní, bí o kò bá sì mọ bí o ṣe máa bẹ̀rẹ̀, sọ pé, « N kò gbádùn, ṣé ẹ lè gbọ́ mi díẹ̀? » Ìyá rẹ lè ta aṣọ. Aṣọ ni ó tà. Bí òun fúnra rẹ̀ bá wà níbí tí o bi í, yóò sọ fún ọ pé òun yóò tún òmíràn rà.